Búkà Wà Nílùú Òyìnbó Náà O

Ọ̀rọ̀ tòní máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín iná kù ná, ká má fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ jó oúnjẹ.

Láti ìgbà tí a ti ti ilẹ̀ Pọ́túgà dé, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi wá: “Dádì, kí lẹ rí níbẹ̀?” Àwọn kan ń retí fọ́tò ilé ńlá, àwọn kan ń retí ká sọ̀rọ̀ ọjà. A rí ilé ńlá lóòótọ́. A rí odò Tagus tó fẹ̀ bí ọ̀sà Èkó. A wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré yẹn, nọ́ńbà 28, aláwọ̀ ìyeyè, tó ń gun òkè Lisbon bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ká mú ohun kan ṣoṣo tó ṣe wá lóore níbẹ̀, búkà ni. Ẹ kà á dáadáa: búkà. Ilé oúnjẹ kékeré inú àdúgbò, tábìlì mẹ́jọ péré, tẹlifíṣọ̀n kan lára ògiri, ìyá àgbà kan nínú ilé ìdáná.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò le. Bí Ọlọ́run bá fún yín láǹfààní láti rìnrìn àjò, ẹ wá ilé oúnjẹ kékeré kan ní àdúgbò tí ẹ bá dé sí, kí ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tún padà lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má fi gbogbo ìrìn àjò yín sáré wá ibi tuntun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àlejò ni yín. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á mọ̀ yín lójú. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ti di èèyàn wọn. A rí i pẹ̀lú ojú wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ wa mọ bí ọdún tó kọjá ṣe rí fún Mọ́mì yín. A sin ìyá rẹ̀. Ẹni tó dàgbà ni, a dúpẹ́, a sì ṣe ìsìnkú tó bójú mu. Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá ń jẹ́. Màmá yẹn ta àmàlà àti gbẹ̀gìrì ní Ìbàdàn fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, òun ló sì fi rán ọmọ márùn-ún níwèé. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun Mọ́mì yín mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbààwẹ̀ o. A máa jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á fi ṣíbí ro oúnjẹ síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn ti yó. Aṣọ ń ṣò lára wọn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò rí nǹkan kan. A gbàdúrà, a tún gbàdúrà. Àwọn ìyá ìjọ ń gbé oúnjẹ wá lóríṣiríṣi, Ọlọ́run á san án fún wọn, àmọ́ bí ẹni tó gbé e wá bá ti jáde báyìí, abọ́ á padà sínú firíìjì.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní ká wá sinmi. Wọ́n sanwó ọkọ̀ òfurufú, wọ́n gba yàrá kan fún wa ní àdúgbò Graça, lórí òkè, ní Lisbon, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Yàrá náà dáa, ṣùgbọ́n kò ní ilé ìdáná. Bí a bá máa jẹun, à á jáde ni. Ọmọ wa ọkùnrin ní, “Dádì, ẹ má jẹun níbi tí wọ́n bá ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pè yín wọlé.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàjèjì sí wa. Nílé wa níbí, ṣé alámàlà tí ọbẹ̀ rẹ̀ dùn máa ń pe oníbàárà ni? Èrò ló máa ń wá a kiri.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́hùn-ún, kí ẹni tó bá ń lọ lè mọ̀.

Láàárọ̀, ibi kọfí ni gbogbo èèyàn ń gbà lọ. Gbogbo kọ̀rọ̀ ló ní ọ̀kan. Kọfí tí wọ́n ń mu jù, bica ni àwọn ará Lisbon ń pè é: ó kéré bí oògùn ikọ́, ó dúdú, ó sì le. Ọ̀pọ̀ wọn kì í jókòó. Ọkùnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́ á wọlé, á dúró sídìí káńtà, á kí àwọn tó bá níbẹ̀, á da ṣúgà sí i, á gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì, á fi owó sílẹ̀, ó ti lọ. Níbi tó pọ̀, owó ẹni tó dúró sídìí káńtà kéré sí ti ẹni tó lọ jókòó sí tábìlì ìta. Àwa tí a ò lè mu kọfí líle, galão la máa ń béèrè: mílíìkì rẹ̀ pọ̀, inú gíláàsì gíga ni wọ́n ń bù ú sí. Wọ́n á wá gbé pastel de nata tì í, ìyẹn àkàrà òyìnbó kékeré tó ní ẹyin àti mílíìkì nínú, tí orí rẹ̀ jó díẹ̀.

Àkàrà òyìnbó yẹn ní ìtàn tó kan ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń gbé nínú ilé ìsìn ńlá Jerónimos ní Belém ni wọ́n ní wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ìjọba Pọ́túgà pa àwọn ilé ìsìn bẹ́ẹ̀ rẹ́ lọ́dún 1834, tí oúnjẹ òòjọ́ di ìṣòro, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún aráàlú. Ilé ìtajà tó wà nítòsí ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1837, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ wo nǹkan! Ìgbà tí ilẹ̀kùn ńlá tì, ìyẹ̀fun àti ẹyin ni wọ́n fi jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá Mọ́mì yín rí. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ni ó gbé ìkòkò kaná.

Lọ́sàn-án, ilé oúnjẹ ló kù. Tasca ni wọ́n ń pe búkà tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́ dá èyí tó jẹ́ ti àdúgbò mọ̀, ẹ wo gíláàsì ẹnu ọ̀nà. Bébà kan á wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, prato do dia, ìyẹn oúnjẹ tòní. Bí oúnjẹ méjì mẹ́ta bá tán, wọ́n á fi bírò fà á kúrò. Inú ibẹ̀, bébà funfun ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì dípò aṣọ, orí bébà yẹn náà ni ẹni tó ń gbé oúnjẹ á ti ṣírò owó yín tí ẹ bá jẹun tán. Àwọn tó ń kọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, ìyá àgbà tó dá wá, gbogbo wọn á jókòó súnmọ́ra. Bí àyè ò bá sí, wọ́n lè ní kí ẹ bá ẹlòmíì pín tábìlì. Ẹni tó bá mọ búkà Ìbàdàn kò lè sọnù níbẹ̀.

Kí ẹ tó béèrè nǹkan kan, wọ́n á ti gbé búrẹ́dì, èso ólífì, bọ́tà, nígbà míì wàràkàṣì, síwájú yín. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń rò pé ẹ̀bùn ni. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Couvert ló ń jẹ́, ó lówó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí jìbìtì níbẹ̀: òfin ilẹ̀ wọn sọ pé ohun tí ẹ ò béèrè, tí ẹ ò sì fọwọ́ kàn, wọn ò gbọ́dọ̀ gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé e lọ. Ohun kejì, oríṣi ìwọ̀n méjì ni wọ́n máa ń ta: dose àti meia dose. Dose kan lè yó èèyàn méjì. Ìlàjì yẹn tó fún ẹnì kan dáadáa. Tọkọtaya tó bá mọ èyí ti fowó pamọ́.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ mọ̀. Ẹja tí wọ́n fẹ́ràn jù ni bacalhau, ẹja cod tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n sì sá gbẹ. Kò jìnnà sí pańlá gbígbẹ tiwa, èyí tí àwọn Ìbò ń pè ní okporoko. Òkun kan náà, ní apá Nọ́wè, ni púpọ̀ nínú méjèèjì ti ń wá. Tiwa ni wọn kì í fi iyọ̀ sí. Wọ́n á rẹ tiwọn sómi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n á máa pààrọ̀ omi kí iyọ̀ lè jáde. Wọ́n máa ń fọ́nnu pé ọ̀nà tí àwọn ń gbà sè é ju iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún lọ. Wọ́n ń jẹ ṣàkì pẹ̀lú ẹ̀wà funfun, dobrada ni wọ́n ń pè é. Nílùú Porto, wọ́n fẹ́ràn ṣàkì débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn ará ìlú náà. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gàn ò sí nídìí orísun?

Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ gbọ́ tiyín. Lọ́jọ́ kejì, a rí ọ̀rọ̀ kan lára bébà ẹnu ọ̀nà: feijão. Ẹ̀wà ni. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí ibẹ̀ ni frejon ti wá, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé mú dé Èkó, tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ Ẹtì Rere! Ọ̀rọ̀ náà rìn láti Pọ́túgà dé Brazil, ó rìn láti Brazil dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Orúkọ Lagos gan-an, ọwọ́ àwọn Pọtogí ló ti wá, ìlú kan sì wà létí òkun wọn tó ń jẹ́ Lagos. A kò gbàgbé pé ìrìn àjò yẹn ní omijé nínú, torí ọkọ̀ ẹrú ló gbé ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn lọ. Síbẹ̀, àwọn tó padà bọ̀ gbé ìkòkò wálé.

Oúnjẹ míì tún wà tó ní ìtàn, alheira, sọ́sééjì tí wọ́n fi búrẹ́dì, áyù àti ẹran adìyẹ ṣe. Lóṣù December ọdún 1496, ọba Pọ́túgà pàṣẹ pé kí àwọn Júù kúrò nílùú tàbí kí wọ́n di Kristẹni. Lọ́dún 1497, wọ́n fi tipátipá ri ọ̀pọ̀ wọn bọmi. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ ni pé àwọn Júù ló dá sọ́sééjì yìí sílẹ̀, kí wọ́n lè so ó kọ́ bíi ti àwọn aládùúgbò tó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. A jẹ ẹ́, a sì ronú. Àwa tí a ń pe ara wa ní oníwàásù gbọ́dọ̀ rántí pé ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi idà tì sí èèyàn lọ́fun kì í dọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Mọ́mì yín.

Búkà tí a yàn wà ní òpópónà kékeré kan, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin sí yàrá wa. Ọkùnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ń gbé oúnjẹ, ìyàwó rẹ̀ ló ń dáná. Ojú ihò kan wà lára ògiri tí obìnrin náà máa ń gbà ti abọ́ síta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a béèrè caldo verde, ọbẹ̀ pòtétò tí wọ́n rẹ́ ẹ̀fọ́ sí wẹ́wẹ́, àti ẹja yíyan. Mọ́mì yín la ọbẹ̀ náà ní ṣíbí mẹ́ta. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà gbé abọ́ padà, a rí i tí obìnrin yẹn yọjú láti ihò ògiri, ó wo abọ́, ó wo Mọ́mì yín.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì yín ní ká lọ síbòmíì, ojú ń ti àwọn pé àwọn ò jẹ oúnjẹ onílé tán. A ní rárá, ibẹ̀ náà la máa padà sí. Ọ̀rọ̀ Jésù nínú Lúùkù orí kẹwàá ló wá sí wa lọ́kàn, níbi tó ti ń rán àádọ́rin ọmọ ẹ̀yìn jáde. Ṣé ẹ rántí? Yàtọ̀ sí pé kí wọ́n jẹ ohun tí onílé bá ní, ó tún kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má máa pààrọ̀ ilé kiri. Ọdún mélòó la ti wàásù lórí ibẹ̀ yẹn, orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìránṣẹ́ la máa ń gbé e kà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ni o. Ẹni tó ń pààrọ̀ ilé lójoojúmọ́, kò ní sí ilé kan tó máa mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

A wọlé lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé omi wa wá kí a tó sọ̀rọ̀, omi tí kò tutù, bí a ṣe béèrè rẹ̀ lánàá. Àwa kì í mu ọtí, kò sì sẹ́ni tó bínú sí wa nítorí ẹ̀. Mọ́mì yín jẹ díẹ̀ ju ti àná lọ. Díẹ̀ náà ni.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà jáde wá. Ó kúrú, ó de aṣọ ìdáná mọ́dìí, ọwọ́ rẹ̀ pupa nítorí ooru. Ó bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan tí a ò gbọ́. A na fóònù sí i, ó sọ̀rọ̀ sí i, fóònù túmọ̀ rẹ̀: ṣé ara ìyàwó yìí ò yá ni, àbí oúnjẹ mi ni kò dáa? Mọ́mì yín ló gba fóònù lọ́wọ́ wa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé ìyá àwọn ti kú, pé ó máa ń ta oúnjẹ. Obìnrin náà kà á. Ó fi ọwọ́ lé àyà. Ó ní, “A minha também.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò gba fóònù. Ìyá tiẹ̀ náà ti lọ.

Ó padà wọ ilé ìdáná. Nígbà tó jáde, ọbẹ̀ adìyẹ ló gbé wá, tó ní ìrẹsì díẹ̀ nínú. Canja ló ń jẹ́. A wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé òun ni wọ́n máa ń fún ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá àti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bí àwa ṣe ń gbé ògì gbígbóná fún aláìsàn. Kò sí lára bébà ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró. Kò lọ. Ó dúró títí Mọ́mì yín fi la ṣíbí àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta. Ó wá fi ìgbakọ bu díẹ̀ lé e. Omijé ń bọ́ sínú ọbẹ̀ yẹn, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí a ti rí ìdí abọ́ Mọ́mì yín gbẹ̀yìn.

Kí ọkọ tó wá ṣírò owó, ọkàn wa ti ń sọ pé bóyá wọn ò ní gbowó ọbẹ̀ yẹn. Ó kọ ọ́ sí orí bébà o! Canja, yúrò méjì. Ìgbà yẹn ni Mọ́mì yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìyá mi gan-an nìyí.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹun lọ́dọ̀ màmá yẹn rí, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Màmá kì í ta àwìn, kì í sì í fi oúnjẹ tọrẹ fún ẹni tó lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí ẹni tí ojú rẹ̀ fà ro, á fi ènì sí i. Á bu gbẹ̀gìrì lé e, á ní, “Jẹ ẹ́, ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú.” Owó oúnjẹ á pé, ènì á sì wà. Ó fi owó pọ́n oníbàárà lé pé kì í ṣe alágbe, ó sì fi ènì sọ fún un pé ó rí i.

Ẹ jẹ́ ká tẹnu mọ́ ọn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá lè gbé oúnjẹ aládídùn wá fún yín. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ pé ẹ ò jẹ ẹ́ tán? Ẹni tó sè é kò rí abọ́ yín nígbà tó padà. Nínú búkà, ẹni tó sè é ló ń wo abọ́. Ìdí nìyẹn tí ọgbẹ́ ọkàn fi lè hàn níbẹ̀, tó sì fi lè rí ìtọ́jú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n tì. Ọ̀pọ̀ búkà kékeré ibẹ̀ ni kì í ṣí lọ́jọ́ ìsinmi. Lẹ́yìn ìsìn, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Largo de São Domingos, ní àárín ìlú, níbi tí àwọn èèyàn wa láti Guinea-Bissau àti ibòmíì ní Áfíríkà máa ń péjọ sí. Ẹ̀pà àti obì wà nílẹ̀ títà. Ẹnì kan níbẹ̀ júwe ilé oúnjẹ àwọn ará Cape Verde fún wa. A jẹ cachupa: àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí wọ́n da ẹja tàbí ẹran sí. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gbo àti ẹ̀wà, ó ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á dín in láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á fi ẹyin lé e lórí. Àlejò ni àwọn náà ní Lisbon, ìkòkò ni wọ́n fi ń rántí ilé. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíì rí ló máa ń sọ pé oko baba òun ló tóbi jù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dun àwọn onílé oúnjẹ wọ̀nyẹn. Láti ọdún 2012 tí òfin ilé gbígbé ti yí padà lọ́hùn-ún, ó ti rọrùn fún onílé láti fowó kún owó ilé, ilé tó ti pẹ́ ní Graça àti Alfama sì ń di yàrá àwọn arìnrìn-àjò. Yàrá tí àwa gan-an sùn sí, ìdílé kan ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aládùúgbò kan ló sọ fún wa lórí àtẹ̀gùn. Ìjọba ìlú Lisbon ní ètò tí wọ́n ń pè ní Lojas com História láti dáàbò bo àwọn ilé ìtajà tó ní ìtàn, ṣùgbọ́n gbogbo búkà kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa sọ pé ìwé ilé àwọn máa parí láìpẹ́, pé àwọn ò mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Kò sunkún sọ ọ́. Ó ń nu tábìlì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nǹkan mẹ́rin la fẹ́ kí ẹ mú lọ.

Èkíní, ẹ lè gbé gaàrí yín dání, àwa náà gbé e. Ọgbọ́n ni, torí ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tí nǹkan kan kò bá bá lára mu, kó béèrè kó tó jẹ. Àmọ́ ẹ má fi gaàrí ti ilẹ̀kùn mọ́ra yín.

Ìkejì, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú èdè wọn: ẹ káàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣé, ó dùn. Ní Pọ́túgà, ọkùnrin á ní obrigado, obìnrin á ní obrigada. Àwa Yorùbá mọ iyì ìkíni. Ẹ má ki ìkíni mọ́ inú àpò torí pé ẹ ti wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ìkẹta, ẹ má na fóònù sójú èèyàn láti ya fọ́tò rẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè fọ́tò obìnrin yẹn, kò sí. A ò yà á.

Ìkẹrin, ẹ padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ìlú yẹn mọ irú omi tí ẹ ń mu. Tí ẹ bá sì máa lọ, ẹ lọ dágbére. Lọ́jọ́ tí a máa lọ, Mọ́mì yín wọ ilé ìdáná yẹn. Ẹni tó ń ta oúnjẹ kì í jẹ́ kí àlejò wọ ilé ìdáná, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, kò sí fóònù láàárín wọn.

Láti ìgbà tí a ti délé, Mọ́mì yín ń jẹun. Kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ pátá, ọ̀fọ̀ kì í tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n gbé ìkòkò ìyá wọn jáde, wọ́n se gbẹ̀gìrì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbàdúrà, ẹ bá wa dúpẹ́.

Ẹ má sì rò pé ó dìgbà tí ẹ bá dé Lisbon. Ìyá kan wà ládùúgbò yín tó ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti lọ ẹ̀wà. Ṣé ẹ mọ orúkọ rẹ̀? Ṣé ẹ ti bi í léèrè rí bóyá òun náà ti jẹun?

Kí Olúwa bù kún ọwọ́ gbogbo ẹni tó ń dáná fún àlejò. Kí owó ilé má lé wọn jáde. Ìwọ tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ mọ́ nítorí ohun tí ojú rẹ rí, Ọlọ́run á rán ẹni tó máa wo abọ́ rẹ sí ọ. Ẹ ṣe Àmín.

Ó yá, ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀: búkà wo, nílùú wo, ni wọ́n ti fi ènì sí oúnjẹ yín rí?